Àárọ̀ tí N Kò Dọ̀bálẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Òórùn ẹja yíyan ni ó máa ń dá mi padà sí àárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ti ẹja tútù inú ọjà, bí kò ṣe ti ẹja tí èéfín ti wọ̀ lára di ìdájí, tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí iná. Bí ọmọ mi obìnrin bá ra irú rẹ̀ wá fún mi láti Ẹ̀pẹ́, tí ó tú u nínú bébà lórí tábìlì mi ní Ìkòròdú níbí, kí n tó fọwọ́ kàn án ni mo ti di ọmọ ọdún méjìlá, tí mo dúró ṣánṣán nínú ọgbà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí n kò fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á mọ irú ọ̀ràn tí èyí jẹ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n ń juwọ́ sí ni láti inú fóònù, lè má mọ̀ ọ́n.

Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí, ni ilé wa wà. Káfíńtà ni bàbá mi láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun ni ó ń kọ́ àwa ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kàwé, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń wọn pákó, tí kì í gé e láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ilé Mùsùlùmí ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ti wá. Nígbà tí ó ní bàbá mi ni òun yóò fẹ́, àwọn àgbà ilé wọn yarí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan, tí ó jẹ́ alfa, ni ó dìde fún un. "Ẹ fún un ní ẹni tí ó fẹ́," ni ó wí. "Bí ilé náà bá tú, kí ẹ wá bá mi." Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni àwa ọmọ ń pè é. Ìyá mi kì í dárúkọ rẹ̀ láìfi àdúrà kún un.

Nítorí náà, nígbà tí mo yege ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Ẹ̀pẹ́, kò sí àríyànjiyàn nípa ibi tí n óò máa gbé. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ránṣẹ́ pé yàrá ti wà nílẹ̀. Inú ìyá mi dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ọlọ. Inú bàbá mi náà dùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́kùnrin fẹ́ lọ gbé ilé alfa fún ọdún márùn-ún.

Ó mú pákó pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju apá mi lọ, ó fá a títí ó fi ń dán. "Igi tí a kò bá fá, ọwọ́ ni yóò gún," ni ó máa ń wí. Pẹ́ńsùlù tí ó máa ń há sẹ́yìn etí ni ó fi kọ ẹ̀rí mẹ́fà sórí pákó náà, ẹ̀rí láti inú Bíbélì pé Jésù kì í ṣe wòlíì lásán, pé Ọlọ́run ni. Láàárọ̀, kí ó tó mú ayùn, n óò dúró sáàárín èérún pákó, n óò sì máa kà wọ́n lórí. Johanu orí kìíní sọ pé Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀, pé Ọlọ́run sì ni. Máàkù orí kejì sọ bí Jésù ṣe dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji arọ, tí àwọn akọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé ta ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan. "Ṣé o rí i?" ni bàbá mi á wí. "Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá mọ ohun tí ó ń sọ nípa ara rẹ̀." Johanu orí kẹjọ: kí Ábúráhámù tó wà, òun ti wà. Kólósè orí kejì: gbogbo ẹ̀kún Ọlọ́run ń gbé inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Tọ́másì, tí ó rí ojú ọgbẹ́ tí ó sì pè é ní Olúwa òun àti Ọlọ́run òun, tí Jésù kò sì bá a wí.

Ẹ̀rí kẹfà ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a lọ ni ó tó kọ́ mi. Kọ̀nílíù wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Pétérù, Pétérù fà á dìde, ó ní ènìyàn ni òun náà. Johanu wólẹ̀ níwájú áńgẹ́lì, áńgẹ́lì ní kí ó má dán an wò. Ṣùgbọ́n afọ́jú tí Jésù là lójú foríbalẹ̀ fún un, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi foríbalẹ̀ fún un, kò sì dá ẹnì kankan dúró.

"Ohun tí ènìyàn kọ̀, tí áńgẹ́lì kọ̀, Jésù gbà á," ni bàbá mi wí. "Yálà Ọlọ́run ni, tàbí ẹlẹ́tàn ni. N kò sì tíì rí ẹlẹ́tàn tí ó kú fún ẹni tí ó ń tàn." Ó fi pẹ́ńsùlù náà kan àyà mi. "Máa múra sílẹ̀ láti dáhùn, ẹnikẹ́ni tí ì báà bi ọ́."

Ẹ̀rí yìí ni mo ń rò ní gbogbo ojú ọ̀nà nígbà tí èmi àti ìyá mi ń lọ. Mo gbé pákó náà lé ẹsẹ̀, mo ń wo eruku. Bí Pétérù bá kọ ìwólẹ̀, tí áńgẹ́lì kọ̀ ọ́, ta ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ tí n óò fi dọ̀bálẹ̀ fún un? Kí a tó dé, mo ti pinnu. Kò sí ẹni tí ó rán mi. Ọpọlọ ọmọ ọdún méjìlá ni ó so pákó méjì tí kò bára mu pọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé, Bàbá Ẹ̀pẹ́ sì wà ní mọ́sálásí, nítorí náà ìdánwò mi di ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, èéfín bo gbogbo ọgbà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ wọlé láti ibi ìrun òwúrọ̀, òun àti àwọn bàbá àgbà méjì. Ìyá mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ojú Bàbá Ẹ̀pẹ́ tàn nígbà tí ó rí mi.

"Délé! Ọkùnrin gidi!"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni mo wí. Mo dúró.

Ó rò pé oorun ṣì wà lójú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń retí. Ìyá mi yíjú sí mi. "Dọ̀bálẹ̀."

"N kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn, Màámi. Pétérù kò gbà kí Kọ̀nílíù wólẹ̀ fún òun. Jésù nìkan ni ó gbà á, nítorí pé Ọlọ́run ni."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Alfa, ọmọ àbúrò rẹ nìyí, àbí bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kó wá bá ọ?"

Èkejì kò rẹ́rìn-ín. "Ta ni ó kọ́ ọ?" ni ó bi mí.

"Bàbá mi ni," ni mo wí, àyà mi sì wú. N kò mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìyá mi lulẹ̀ ni.

"Sàlámátù," ni bàbá àgbà náà wí fún un, "ohun tí a sọ fún ọ nígbà náà nìyí. A ní wọn yóò bí ọmọ tí kò ní í kà wá sí."

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi wà síbẹ̀. Bàbá Ẹ̀pẹ́ wò mí pẹ́, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ fún ọmọ ní oúnjẹ," ni ó wí. "Ẹ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Kò ní í ti ilé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan títí n óò fi gbọ́ tẹnu bàbá rẹ̀." Ó wọlé lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ajé ni ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé. Ìyá mi kò jẹ́ kí n tú ẹrù mi. Kò nà mí, kò sì bú mi, ohun tí ó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni ó sọ: "Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Délé. Kí ni o kó jáde fún mi yìí?" Bí ó bá lọ pọnmi, mo rí i bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń dákẹ́ tí ó bá kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Ẹ̀pẹ́ pè mí síbi tí ó ti ń rán fìlà. Ó ní kí n mú pákó náà wá. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fọwọ́ pa á.

"Ó dà bíi wàláà tiwa, èyí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú," ni ó wí. "Ọwọ́ bàbá rẹ dára. Kà á fún mi."

Mo kà á, láti orí ẹ̀rí kìíní títí dé ẹ̀kẹfà. N kò ṣì í kà. Kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ànábì Ísà ni àwa ń pè é," ni ó wí. "A bu ọlá fún un, ṣùgbọ́n a kì í pè é ní Ọlọ́run, èmi kò sì ní í pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Ìyẹn wà láàárín èmi àti bàbá rẹ tipẹ́, kò sì bà wá jẹ́." Ó na pákó náà sí mi. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí níbí pé kí o má kí mi?"

Mo wo pákó náà títí ojú mi fi ṣú. N kò rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàbá mi dé, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn bàbá àgbà méjèèjì ti jókòó. Mo gbá pákó mi mọ́ àyà. Ọkàn mi balẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta: ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ti dé, yóò sì dá wọn lóhùn ju bí mo ti ṣe lọ. Ìyá mi kò wo ojú rẹ̀. Wọ́n rojọ́ fún un. Bàbá mi bọ́ bàtà, ó rìn lọ síwájú Bàbá Ẹ̀pẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ tí ìpẹ́ ẹja kún.

Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n yọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ariwo bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀: "Bàbá! Ṣé ẹ ti sẹ́ Jésù ni?"

Bàbá mi gbórí sókè, ṣùgbọ́n kò dìde.

"N kò sẹ́ ẹ," ni ó wí. "Ọlọ́run mi ni títí n óò fi kú, níwájú àwọn àna mi yìí ni mo ti sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mo ń kí. Ohun tí ó wà nínú ọkàn Kọ̀nílíù ni Pétérù kọ̀. Ṣé ìkíni lásán ni Tọ́másì kí Jésù ni? Ó pè é ní Ọlọ́run òun! Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni ẹ̀rí, kì í ṣe eékún tí ó kanlẹ̀." Ó kọjú sí àwọn àgbà. "Ẹ má bá ọmọ wí. Èmi ni mo kọ́ ọ láàbọ̀. Mo ní kí ó múra sílẹ̀ láti dáhùn. Ìwé Pétérù kan náà ni ó ní kí a fi ìwà pẹ̀lẹ́ àti ọ̀wọ̀ ṣe é. Ìyẹn ni n kò kọ sórí pákó."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ fà á dìde.

"Èmi náà ti ṣe é rí," ni ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo ti ibi tí mo ti kọ́ kéwú dé, mo sọ fún bàbá mi pé Ọlọ́run nìkan ni mo ń forí kanlẹ̀ fún. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí Délé ṣe dúró níwájú mi. Bàbá mi ní kò burú. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó kú."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ̀pẹ́ dá mi dúró. "Kì í ṣe lónìí. Bí o bá ṣe é lónìí, ìbẹ̀rù ni. Ṣe é lọ́jọ́ tí ó bá ti inú rẹ wá. Ìyàwó mi, bá a tú ẹrù rẹ̀."

Ọdún márùn-ún ni mo gbé ní ilé náà. Láràárọ̀ ni mo ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ fìrí bí ẹni tí ó ń sáré lọ sílé ìwé, Bàbá Ẹ̀pẹ́ sì ń sọ pé "Ó káre." Èyí tí ó yẹ, èyí tí àyà kan ilẹ̀, mo fi pa mọ́ de ọjọ́ tí n óò wọ aṣọ oyè yunifásítì wá hàn án. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni ìròyìn ikú rẹ̀ bá mi. Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti sin ín, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe.

Ní yunifásítì, mo gbọ́ àtakò sí ẹ̀rí bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ. Ọkàn mi mì nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n mo dúró ti àwọn ẹ̀rí náà, mo ṣì dúró tì wọ́n títí di òní. Pákó náà wà lórí àpótí ìwé mi. Pẹ́ńsùlù ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n n kò nílò rẹ̀ mọ́ kí n tó lè ka ohun tí ó wà níbẹ̀.

Orúnkún mi ti kọṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àwọn yòókù bá kúnlẹ̀, èmi yóò jókòó, n óò tẹrí ba, n óò sọ ọ̀rọ̀ Tọ́másì sínú, mo sì mọ̀ pé ẹni tí mo ń bá sọ ọ́ gbọ́. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn ní eékún tí ó dára, ó sì ní ìdáhùn sí ìbéèrè gbogbo. Èmi ní ìdáhùn náà síbẹ̀, àfi ti ìbéèrè kan. Bí òórùn ẹja bá ti gba inú yàrá, mo tún máa ń gbé pákó náà sọ̀kalẹ̀, n óò fi ìka tọ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, n óò sì tún wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n má kí i.