Òwú Inú Òrùka

Lánàá, ọmọbìnrin mi bèèrè òwú lọ́wọ́ mi. Ó ní òrùka òun ti ń yọ bọ́, òun fẹ́ wé e kó lè fún. Mo gbọ́ òórùn mọ́sà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti dín nǹkan kan.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó là ń gbé nígbà náà, mo ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń sá fún oúnjẹ títí tó fi gbẹ bíi pańla, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó dé, màmá wa ní lọ́jọ́ tí òrùka wúrà rẹ̀ bá tún dúró lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn máa ṣe sàráà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Di orí òwú yìí mú. Má sọ fún Màmá o."

Mo dì í mú, ó ń wé e mọ́ òrùka náà. Ìka rẹ̀ tutù. Inú mi dùn pé èmi ló pè.

Kó tó di ìrun Àsárì, òróró ti ń hó lórí iná. "Alihamudulilahi! Ara ọmọ mi ti yá!" Màmá ń pín mọ́sà kiri ojúlé. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé, ká tiẹ̀ ní ara rẹ̀ ti padà lóòótọ́, ìdajì ìwòsàn nìyẹn. Ẹ̀rù oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi mọ́sà tirẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ṣì gbóná.

"Bá mi jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi.