Ìyá Àgbà Jẹ́rìí fún Láísẹ́ǹsì Mi

Inú rédíò la ti gbọ́ pé wọ́n ti ẹnubodè pa. Mo rántí pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti wo ohun tí wọ́n tì. A kò rí nǹkan kan. Adìẹ ń lọ, adìẹ ń bọ̀. Òpó sìmẹ́ǹtì tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ rì mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa bó ṣe máa ń wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì sá aṣọ lé e lórí. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìlárá, ìlú tí ààlà là sí méjì. Bí o bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, Nàìjíríà lo wà. Bí o bá lọ ká ata lẹ́yìn òpó yẹn, o ti dé Dàhómì. Ìjọba ibẹ̀ ti yí orúkọ náà padà, ṣùgbọ́n àwa kò tíì yí i. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Wọ́n ní wọ́n ti tì í," ló wí. "Ó dáa. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni n kò rí."

Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà. Wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ń ba ọrọ̀ ajé jẹ́, àwọn àjèjì sì ti pọ̀ jù láàárín ìlú. Láti Ìdí-Ìrókò títí dé apá ọ̀dọ̀ wa, àwọn sójà gbé igi dábùú ọ̀nà, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí òun í ṣe. Kí wọ́n tó ti ẹnubodè, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ mí. Àwọn tí kò mọ̀ mí kò bìkítà.

Àkókò yẹn gan-an lèmi yàn láti wá láísẹ́ǹsì. Mo ti kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ arúgbó dírẹ́bà kan tó ń wa Pijó akẹ́rù fún iléèwé ìjọ kan ní Ayétòrò. Ojú dírẹ́bà náà ti ń ṣú; ó ti wa Pijó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ àlùfáà, ó sì ń bá ẹ̀gẹ́ jà pé kí ó kúrò lọ́nà. Ọ̀gá iléèwé wá pè mí. "Iṣẹ́ yìí di tìrẹ bí o bá mú láísẹ́ǹsì wá kí àwọn ọmọ tó wọlé," ló wí. "Bí o kò bá mú un wá, àna àlùfáà ti ní tiẹ̀ tipẹ́." Baba mi ti kú, oko la fi ń jẹun, n kò sì fẹ́ kí ọkọ́ bá mi darúgbó. Mo sọ fún gbogbo abúlé pé mo ti di dírẹ́bà iléèwé. Mo tilẹ̀ ti ra fìlà tí n ó máa dé wakọ̀.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ǹsì wà ní Ìlaròó. Ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì kì í ṣe ọmọ agbègbè wa. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gan bíi pátákó. Ó ní kí n mú ìwé ìbí wá. Mo ní n kò ní in. Ó béèrè káàdì ìsàmì. Mo ní ó jóná nígbà tí òrùlé koríko wa jóná. Ìwé iléèwé ńkọ́? Iná kan náà ni.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni ìwọ?"

"Èmi nìyí, ọ̀gá. Èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹni tí onítọ̀hún jẹ́ ni ìjọba ń béèrè." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìlárá lo wí. Ìlárá tiwa àbí Ìlárá tiwọn?"

"Tiwa ni, ọ̀gá."

Ó ń ti bébà kiri lórí tábìlì bí ẹni tó ti gbàgbé mi. Lójijì ló gbójú sókè. "Bọ̀ǹjúù!"

"Bọ̀ǹjúù, ọ̀gá," ni mo dá a lóhùn, mo sì tẹrí ba.

"Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!"

Kí ni ǹ bá ṣe? Nílé wa, ọmọ tí àgbà kí tí kò dáhùn, wọ́n á béèrè ẹni tó bí i. Àgbà tó bá fi Faransé kí mi, Faransé ni n ó fi dá a lóhùn. Ká ní Haúsá ló fi kí mi, ǹ bá gbìyànjú. Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá náà. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ní ohun kan ló kù tó lè gbà mí: kí n mú àgbàlagbà kan wá nínú ẹbí wa, ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, kí ó wá búra.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí baba mi, ló gbẹ̀bí mi. Inú rẹ̀ dùn pé ìjọba fẹ́ gbọ́ tẹnu òun. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí wọn," ló wí. Ní ọ̀nà Ìlaròó, ní ibi gbogbo tí àwọn sójà ti dá lọ́rì wa dúró, ìwé ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà ló sì ń fún wọn. Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á gbé igi kúrò lọ́nà. Àwọn baba wa ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi ti yanjú.

"Màmá," ni ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀, "ọdún wo lẹ bí ọmọ yìí?"

"Ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo wa."

"Ọdún wo ni eéṣú jẹ àgbàdo yín?"

"Ọdún tí a bí ọmọ yìí."

Ọ̀gá kọ nǹkan kan, ó fagi lé e. "Ibo lẹ bí i sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa ni. Orí eékún ni ìyá rẹ̀ wà, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbà á. Abẹ́ igi àgbọn la sin ibi ọmọ náà sí. Ìwé a máa jóná, ọ̀gá. Ilẹ̀ kì í jóná. Ẹ dìde ká lọ, ẹ wá fojú yín rí i."

Lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá sin ibi ọmọ sí, ilẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bá a dù ú. Ìyá àgbà sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, èmi náà sì ń mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Ibi tí igi àgbọn yẹn dúró sí kò sọ sí ẹnì kankan nínú wa lọ́kàn.

Ó jọ pé ọ́fíìsì ti sú ọ̀gá náà, nítorí ó ní òun yóò wá wò ó fúnra òun. Ó sì wá lóòótọ́, òun àti sójà kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, torí àṣẹ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ sún mọ́ ààlà láìmú sójà dání. Wọ́n gbé mọ́tò wọn sábẹ́ igi ìyeyè iwájú ilé. Ìyá àgbà mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú wọn gba ilé ìdáná, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

"Màmá, ẹ dúró!" ni sójà kígbe. "Ẹ ti jáde ní Nàìjíríà o!"

"Ta ló jáde? Ìdí àgbọn ni mo ń lọ."

"Ìdí àgbọn yẹn, Dàhómì ni."

"Láti ìgbà wo?"

Sójà na ọwọ́ sí òpó. Ọ̀gá náà ti fi orí bàtà rẹ̀ kan òpó, ó na ọrùn bí adìẹ tó ń wo inú kànga. "Ṣé abẹ́ igi yẹn ni, Màmá?"

"Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Ẹ sún mọ́ ọn."

"N kò lè sún mọ́ ọn. Wọ́n ti tì í." Ó yíjú sí mi, àánú mi sì ṣe é díẹ̀. "Ọmọ Dàhómì ni ọ́. Ìyá àgbà rẹ fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí. A kì í fún àjèjì ní láísẹ́ǹsì."

Lójú ọkàn mi, mo rí àna àlùfáà nínú Pijó, ó gbé ìgúnpá lé ojú fèrèsé. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba wá, wọ́n wo ilé wa, orúkọ tí wọ́n sì rí fún mi ni àjèjì.

Ìyá àgbà, tó ti ń ká ata sí etí ìró rẹ̀ ní Dàhómì lọ́hùn-ún, rọra padà wọ Nàìjíríà. "Nítorí òpó yìí lẹ ṣe ń fìyà jẹ ọmọ mi? Òpó tí ọkọ mi gbé wá síbí?"

"Ta ló gbé kí ni?" ni sójà béèrè.

"Ọkọ mi. Ìdí ìyeyè iwájú ilé ló wà tẹ́lẹ̀. Àwọn Faransé ń kó ọkùnrin lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi ní òun kò lọ. Lọ́jọ́ ọjà, tí ilé dá, òun àti àbúrò rẹ̀ hú u, wọ́n gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá sẹ́yìn. Ó fẹ́ gbé e kọjá igi àgbọn, ẹ̀yìn ló dùn ún. Nígbà tí àwọn Faransé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun wà. Ẹ wo ìdí rẹ̀, kò dúró gún títí dòní."

Gbogbo wa wò ó. Òpó náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóòótọ́.

Mo rí i bí sójà ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdí ìyeyè ni ààlà wà, Dàhómì ni ilé wa, Dàhómì ni ilé ìdáná, Dàhómì ni òun alára dúró sí pẹ̀lú aṣọ ìjọba àti ìbọn. Mọ́tò wọn pàápàá, ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sí Nàìjíríà.

"Ọ̀gá," ló rọra wí, "bí mo bá kọ èyí ránṣẹ́, wọ́n á bi mí ohun tí mo gbé ìbọn wá ṣe lórí ilẹ̀ onílẹ̀."

"Wọ́n á bi èmi náà," ni ọ̀gá fèsì. Òógùn ti rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò gan mọ́. "Màmá, òpó yìí, ibí ló wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo bu omi fún wọn mu."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé inú yàrá lẹ bí ọmọ yìí sí. Yàrá wà ní Nàìjíríà, òpó wà láyè rẹ̀, kálukú á sì máa lọ sílé."

"Inú yàrá? Lórí ẹní ọkọ mi? Obìnrin ilé wa kankan kò bímọ sí yàrá rí. N kò ní fẹnu mi búra irọ́ nítorí mọ́tò."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá àgbà, ẹ ṣàánú mi. Yàrá náà kò burú."

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Kí lo mọ̀? Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

Sójà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú. "Màmá, ẹ̀yìnkùlé yìí, ara ilé yín ni àbí kì í ṣe ara rẹ̀?"

"Kí ló tún fẹ́ jẹ́? Ta ló ń kọ́lé tí kì í ní ẹ̀yìnkùlé?"

"Ó dáa. Ilé yín lẹ bí i sí nìyẹn."

Ìyá àgbà rò ó wò, ó wá nǹkan tí yóò bá jà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. "Ilé wa ni," ló wí. "Ìyẹn, mo lè búra sí i."

Ọ̀gá kọ ọ́ kíákíá pé ilé baba mi ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Ìlárá. Kò béèrè Ìlárá èwo mọ́. Sójà fọwọ́ ara rẹ̀ di Bíbélì mú fún Ìyá àgbà. Kí wọ́n tó lọ, mo rí i tó fi bàtà tẹ ilẹ̀ ìdí òpó náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó lè dúró gún.

Láísẹ́ǹsì bọ́ sí mi lọ́wọ́ kí iléèwé tó wọlé, Pijó sì di tèmi. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi mí, ẹyọ kan ni ẹnikẹ́ni kò béèrè: bóyá mo mọ mọ́tò wà. Ní ọ̀nà Ayétòrò, àwọn sójà á gba ìwé náà, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Ọmọ wa ni." Ojú tí mo fi jẹ́ àjèjì lóṣù tó kọjá náà ni mo ṣì gbé lọ́rùn.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti ṣí ẹnubodè, wọ́n tún tì í, wọ́n tún ṣí i. Èmi ti fi Pijó sílẹ̀ tipẹ́, mo ti di ẹni tó ń bi àwọn ẹlòmíràn léèrè ohun tójú wọn rí, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sọ láísẹ́ǹsì mi dọ̀tun. Ọmọdébìnrin kan ní kí n gbé ìka lé gíláàsì, kí n wo kámẹ́rà. Kí n tó mí, ẹ̀rọ ti mọ̀ mí. Kò béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí Ìyá àgbà ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi náà ti lọ, kò sí ẹni tó kù tí ǹ bá mú wá.

"Ẹ ti parí, bàbá," ni ọmọ náà wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì jókòó díẹ̀ sí i, bóyá yóò tún béèrè ẹni tó gbẹ̀bí mi.