Aró Inú Sínkì Wa

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀gá iléèwé wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ gba yàrá iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ mi. Kọ̀ǹpútà ló ń bọ̀. Láyé ìgbà yẹn, láàárín ọdún 1980 sí 1990, bí ẹ bá ti dárúkọ kọ̀ǹpútà ní Houston, gbogbo òbí ló máa ń tẹ́tí.

Mísísì Wilkins ni orúkọ ọ̀gá náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ burúkú kì í dún burúkú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "A ò ní kí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Kẹ̀kẹ́ kan la máa fún yín. Ẹ ó máa kó ọ̀dà àti pépà yín sí i, ẹ ó máa tì í láti kíláàsì dé kíláàsì."

Kẹ̀kẹ́ kẹ̀! Èmi Fọlákẹ́, tí mo ka iṣẹ́ ọnà gboyè, kí n wá máa ti kẹ̀kẹ́ kiri bí oníbúrẹ́dì? Mo gbé e mì. Mo kàn bi í pé, "Sínkì ńkọ́, mà?"

Ó ní kẹ̀kẹ́ ò lè ní sínkì. Ó ní ìgbìmọ̀ àwọn òbí ló máa dìbò sí i nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo iṣẹ́ àwọn ọmọ tán.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń dùn mí, ẹ ní láti mọ sínkì yẹn. Ó gùn láti igun kan yàrá dé ìkejì, ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ pọ̀, ìdajì kíláàsì lè fọwọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìjà. Ọmọ kékeré tó bá ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ dọ̀tí, ẹni tó bá sì dọ̀tí gbọ́dọ̀ rí omi. Láìsí sínkì, amọ̀ ò sí, aró ò sí, ó ku kí gbogbo wa jókòó máa fi kíréyọ́ọ̀nù kun ìwé.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wá ló tún wá ká mi lára jù. Brother Adéoyè ni, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tèmi, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Brays Oaks. Ẹnjiníà ni, Clear Lake ló ti ń ṣiṣẹ́. Títí ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì kẹta tí mò ń kọ́. Nígbà tó wá mú ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Brother, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lé mi kúrò nínú yàrá mi?"

"Sister, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ tí ò bá mọ kọ̀ǹpútà, kí ló fẹ́ dà lọ́la?" Ó wo àwọn aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì. "Kí lẹ tiẹ̀ ń kọ́ wọn?"

"Àdìrẹ ẹlẹ́kọ."

Ojú rẹ̀ yí padà bìrí. "Àdìrẹ! Háà, Sister! Ṣé torí àdìrẹ ni mo ṣe gbé ọmọ wá sí Amẹ́ríkà?" Ó fa Títí lọ́wọ́, wọ́n lọ, kò tiẹ̀ dágbére. Inú bí mi gan-an ni.

Àǹtí bàbá mi ló kọ́ mi ní àdìrẹ. Láfún ni a ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀, òkúta funfun tí àwọn aláró ń lò, títí yóò fi jọ̀lọ̀, òun là ń pè ní ẹ̀kọ. A ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ yìí, a ó sá a kó gbẹ, a ó wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè wọ ibẹ̀. Tí aró bá ti gbẹ, a ó fi omi rin aṣọ, a ó họ ẹ̀kọ kúrò, ọnà funfun á wá yọjú. Ilé ni mo ti se ti àwọn ọmọ wá. Ọkọ mi dé láti ibiṣẹ́, ó ṣí ìkòkò, ó fọwọ́, ó jókòó, ó ní, "Ọbẹ̀ dà?"

Àṣìṣe mi ni pé bí ẹni tó wà l'Abẹ́òkúta ni mo ṣe ṣètò ọ̀sẹ̀ náà. Kí a ya ọnà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí a rẹ ẹ́ láró lọ́jọ́ kejì, kí a họ ọ́ ní Wẹ́sìdeè, kí n lọ̀ ọ́ kí n fi kọ́ ara ògiri kí àlejò tó dé. Mo ti gbàgbé pé oòrùn ilé kọ́ ni oòrùn Houston. Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Mọ́ńdè, kò dá. Ojú ọjọ́ rin gbingbin, ẹ̀kọ ò gbẹ, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ramírez tó ń tọ́jú iléèwé ló ṣàánú mi, tó gbé fáànù ńlá tó fi ń gbẹ ilẹ̀ wá. Bó ṣe di àárọ̀ Tọ́sìdeè gan-an ni a tó rí aṣọ rẹ sínú aró.

Fáànù la tún fi gbẹ aró náà, ọ̀sán ti ń lọ kó tó gbẹ, kò sáyè láti họ ọ́ mọ́. Ẹ wá wo ẹkún! Àdìrẹ tí a ò tíì họ, kò lẹ́wà rárá. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀kọ ti mu aró yó, ó gan paali, kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó yà.

"Mísì, ẹja mi ti kú!" ni ọmọ kan ń ké.

Títí ò tiẹ̀ ké, ó kàn ń wò mí pé mo ti tan òun jẹ. Ẹyẹ ló yà, ó sì ti fi ọjọ́ kan gbáko ṣe ìyẹ́ rẹ̀. Mísísì Wilkins yọjú, ó wo aṣọ, ó wò mí, ó ní, "Ṣé èyí la máa fi han àwọn òbí?"

Mo dúró ti sínkì. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi sọ fún ara mi pé, Fọlákẹ́, ṣé kì í ṣe sínkì lo ń jà fún ni? Jẹ́ kí wọ́n wá lò ó.

Nírọ̀lẹ́, àwọn òbí dé pẹ̀lú kóòtù àti yẹtí wọn. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ ò tíì parí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kí kálukú dúró ti ọmọ rẹ̀." Ìyá ọmọ ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi. Wọ́n họ díẹ̀, wọ́n ṣàn án, ẹja funfun kan sì ń wò wọ́n láti inú aró. Ọmọ yẹn pariwo, yàrá sì dà bí ìgbà tí iná bá dé l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó rántí kóòtù mọ́.

Brother Adéoyè nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táì rẹ̀. Títí ń dá họ tirẹ̀, ó fi rúlà ń gún aṣọ bí ẹni ń wa ilẹ̀.

"Rárá o! Wàá ya á!" Ni ẹnjiníà bá bọ́ kóòtù sọ sórí àga. "Dà á dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o lò. Wò ó, báyìí." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere lórí aṣọ, ẹ̀kọ ń ṣí kúrò láìjà.

Ẹnu yà mí. "Brother, níbo lẹ ti mọ èyí?"

Kò gbójú sókè. "Aláró ni ìyá mi, n'Ìtókù l'Abẹ́òkúta. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò wọn. Wọ́n ní ìwé ni kí n máa fọwọ́ kàn. Ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wò wọ́n."

Títí ní, "Dádì, Grandma ló mọ èyí ṣe?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyẹ ti yọ lábẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo ìyẹ́ rẹ̀. Omi lé sójú rẹ̀, mo ṣe bíi pé mi ò rí i. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń tọ́jú láti Mọ́ńdè, mi ò mọ ibi tó gbà lọ, àánú rẹ̀ ló kàn ń ṣe mí.

Nígbà tí ìbò kàn, òun ló kọ́kọ́ dìde, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí a ra kọ̀ǹpútà, mo ṣì fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń lo iná, ẹ má gbé e sínú yàrá olómi. Kọ̀ǹpútà ò nílò sínkì. Láíbìrì gbẹ, àyè wà níbẹ̀. Ẹ fi yàrá yìí sílẹ̀ fún tíṣà." Àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, búlúù ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ náà. Ti Mísísì Wilkins wà níbẹ̀.

Inú yàrá yẹn ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìntì. Ọ̀gbẹ́ni Ramírez fi bílíìṣì fọ ìdí sínkì náà títí, ó sú u, kò funfun mọ́ láé. Nígbà tí mò ń fi kọ́kọ́rọ́ lé tíṣà tuntun lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ni àbàwọ́n yẹn, mo ní kó má ṣèyọnu.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ìbò náà. Brother Adéoyè bá mi níta ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, èékánná rẹ̀ ṣì dúdú.

"Sister, aró yín ò bọ́ o! Gbogbo ọ́fíìsì ló ń bi mí pé kí ló ṣe mí lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

Ó wo ọwọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní bí ọwọ́ ìyá mi ṣe rí nìyẹn."