Ẹnu Tí Mo Ń Wá Kiri

Mi ò ní tàn yín: mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo sì máa ń jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀ tí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò sí níbẹ̀. Òun ló ń san owó iléèwé mi. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn máa ń sọ pé aláìmoore ni mí. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa ń pè é nílé wa ní Ọ̀yọ́. Ó ní sọ́míìlì ńlá kan tí wọ́n ti ń la igi sí páńkò, ibẹ̀ náà sì ni bàbá mi, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, ti ń rí igi tó fi ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà kan. Tó bá ti wọ sùtánà rẹ̀ tó ń bọ̀ láàárín ìjọ, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun ni. Kò ní ọmọ tó kàwé dé ibì kan, nítorí náà èmi ló fojú sí lára.

Lọ́dún tí mo fẹ́ wọ iléèwé gíga, ibi méjì ló fẹ́ gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba: ó ti gbó, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń bó, owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí apá bàbá àti ìyá mi lè ká. Èkejì jẹ́ iléèwé àdáni ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọmọ olówó ló kún ibẹ̀, owó ọdún kan níbẹ̀ sì ju gbogbo ohun tí mo máa san fún ìjọba títí n ó fi jáde. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ní láti mú ọ̀kan. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Orúkọ iléèwé tó gbà ọ́ á wà níbẹ̀, wàá tẹ "mo gbà" tàbí "mi ò gbà". Tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sí àtúnṣe mọ́. Ti ìjọba ló wà lórí tèmi. Àwọn àdáni ní kí n tẹ "mi ò gbà" sí ti ìjọba kí àwọn tó lè fi tàwọn sí i.

Dókítà eyín kan wà ní Ọ̀yọ́ tó ti yọ eyín fún ìyá mi rí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ti rí i pé obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ fa eyín tu, kí ẹni tó fà á tu fún sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ bá a, mo ní kó gbà mí nímọ̀ràn.

"Má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá iléèwé wọn lórúkọ," ó ní. "Gbogbo wọn ló máa sọ pé àwọn lórúkọ. Lọ jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, kí o ka iye èèyàn tó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ẹnu èèyàn la fi ń kọ́ṣẹ́ yìí, kì í ṣe ìwé."

Mo lọ sí méjèèjì. Ní ti ìjọba, agogo méje àárọ̀ kò tíì lù tí bẹ́ńṣì fi kún. Ìyá arúgbó kan fi gèlè di àgbọ̀n, bàbá kan ń rìn lọ rìn bọ̀ nítorí pé ìjókòó ò rọgbọ fún un. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn àga tí wọ́n ń dá aláìsàn dùbúlẹ̀ sí ti kọṣẹ́, wọ́n fi bíríkì tì í. Àwọn ọmọ iléèwé ń làágùn, wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìyanṣẹ́lódì ti jẹ odindi ọdún kan mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ tètè ṣe tán kó má wá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, mi ò ní sọ pé kò bà mí lẹ́rù.

Ní ti àdáni, ilẹ̀ ń dán débi pé mò ń rí ìsàlẹ̀ bàtà mi nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sórí àga tuntun tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Obìnrin kan fún mi ní omi tútù àti ìwé pẹlẹbẹ kan tó kún fún àwòrán àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó láti agogo mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé, ìyàwó òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ni, ó wá fọ eyín.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yé e kíá. "Ìsọ̀ tí oníbàárà kì í yà sí," ó ní, "kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní títà níbẹ̀?"

A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn ẹlòmíràn máa ń ṣe ìdúpẹ́ lẹ́yìn tí ohun tí wọ́n ń retí bá ti dé. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dúró. Ṣáájú ni tirẹ̀, ó ní ìgbàgbọ́ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, láìbi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè, ó ti jó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ pé ọmọ àbúrò òun ti wọ iléèwé àdáni náà, ó sì dárúkọ rẹ̀. Wọ́n lu agogo, wọ́n gbàdúrà, wọ́n na owó. Wọ́n tún tẹ àwòrán mi sórí bébà ńlá, wọ́n kọ orúkọ iléèwé náà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tó ni ojú ò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó gbọ́ pé mò ń lọ́ra, ó wa mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́. A jókòó sí pálọ̀ bàbá mi. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n fẹ́ sọ, ọmọ kì í sì í dá sí i. Ìyá mi ló bá mi sọ ọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú," ó ní. "Ọmọ yìí dé ibẹ̀, kò bá aláìsàn kankan. Ta ni wọ́n máa fi kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Àbí iléèwé ìjọba tí wọ́n ń fi bíríkì ti àga lẹ fẹ́ kó lọ?" Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ní. "Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n owó yẹn náà pọ̀."

"Ṣé ìwọ lo máa san án ni?"

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wá kọjú sí bàbá mi. "Mo ti dúpẹ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìjọ. Ṣé kí n padà lọ sọ fún wọn pé mo purọ́ ni? Kí àwọn ọmọdé máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ìlú?"

Níbẹ̀ ló ti hàn sí mi pé orúkọ tí a ń gbé sórí ìwọ̀n láti àárọ̀, orúkọ iléèwé kọ́. Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ni ẹni tó jẹ́ pé tó bá fi ìka kan igi lásán, ó ti mọ èyí tí ikán ti jẹ nínú. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ohun tí ẹ bá ti sọ labẹ gé, bọ̀dá mi."

Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ lójú wọn. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wọ awò ojú rẹ̀, ó súnmọ́ mi kó lè rí i. Mo tẹ "mi ò gbà". Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Kí n má parọ́ mọ́ iléèwé náà, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. A ò yanṣẹ́ lódì, iná kì í lọ. Tí ìyá mi bá dárúkọ ibi tí mo wà ní Akẹ̀sán, àwọn obìnrin á kí i ju bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà tí a wọ ọsibítù ni ojú wá là. Òfin wọn ni pé kí ọmọ tó jókòó ìdánwò àṣekágbá, ó gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ iye eyín kan, kó ti dí iye ihò kan, kó sì ti ṣe odindi eyín àtọwọ́dá, tòkè tìsàlẹ̀, fún èèyàn méjì tí kò ní eyín kankan mọ́ lẹ́nu. Olùkọ́ ló ń fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn kò sì wá. Ni a bá ń wá wọn kiri. Tí mo bá gba ìsinmi, màá gbé tábìlì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, màá máa yí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ká pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí mò ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo ẹnu wọn. Àwa la máa ń san owó mọ́tò wọn, owó káàdì, àti oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ lọ́nà. Aláta kan ní Ọjà Igbó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ̀yin ọmọ olówó yìí," ó ní, "ṣé èmi lẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?" Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, èmi ò sì lè já a nírọ́.

Àáfà kan gbà fún mi, mo dí ihò méjì fún un. Díẹ̀díẹ̀ mo parí yíyọ àti dídí. Ó wá ku àwọn tí kò léyín. Arúgbó wo ló máa jókòó sínú mọ́tò wákàtí mẹ́ta, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nítorí ọmọ iléèwé? Èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí ìyá àgbàlagbà kan. Bàbá ọmọ kíláàsì mi náà fi mọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá yẹn, bó ṣe gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹnì kan tí mo ti ń ṣọ́. Láti ọdún bíi mélòó kan ni eyín Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń re. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ilé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, inú mi á sì máa dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà Kérésì, kò ku ẹyọ kan. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síwájú nínú ìwé mi, mo ní kí erìgì rẹ̀ jinná ná kí n tó bẹ̀ ẹ́. Mo ní tó bá gbà, á bá mi mú ẹnì kejì nínú ìjọ rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni. Ìparí oṣù Kejì ọdún tuntun ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ jókòó ìdánwò. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé á dúró de ọdún mìíràn.

Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó jáde láti yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. Eyín funfun kún ẹnu rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ ti ṣe eyín, sà?"

Ó dárúkọ ọsibítù iléèwé ìjọba náà, èyí tí mo tẹ "mi ò gbà" sí lójú rẹ̀. "Wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń lọ," ó ní. "Ọmọ iléèwé ló bá mi ṣe é, ọmọbìnrin bíi tìẹ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní òun ti ṣe bíi mẹ́fà ṣáájú tèmi."

"Ẹ ò pè mí, sà."

"Ọmọ mi, ẹnu kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe ni mo lọ."

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun bú mi, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó la ẹnu. Mo fi iná fóònù mi wò ó dáadáa, òkè àti ìsàlẹ̀. Eyín náà jókòó sórí erìgì rẹ̀ geere, kò sí egbò, méjèèjì sì pàdé bó ṣe yẹ. Mo wá ibi tí mo lè bú nínú iṣẹ́ náà, mi ò rí i.

Ó pa ẹnu dé, ó fi ahọ́n tọ́ eyín rẹ̀ wò.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń ṣe irú èyí níbi tí o wà yẹn?" ó bi mí.

"À ń ṣe é, sà," mo ní. "Èmi ò tíì ṣe ẹyọ kan rí."