Kantíkantí Tiwa Ló Lójú Pupa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí èmi àti màmá mi ń gbé yàrá kan ní Agége, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì, kò sóhun tó máa ń dùn mọ́ mi bíi kí n máa wo kantíkantí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin àbúrò mi! Ẹ ṣáà gbọ́ ná.

Màmá mi ń gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tà ní Dọ̀pẹ̀mú, èèpo tí wọ́n bá sì kó délé, ewúrẹ́ ìyá onílé ló ń jẹ ẹ́. Ìdí èèpo yẹn ni mo máa ń jókòó sí. Kantíkantí tó ń bà lé e, àwọ̀ ara ẹ̀ bí oyin, ojú ẹ̀ pupa fòò! Hàà, ó rẹwà!

Nígbà òjò kan, kantíkantí wá kún balùwẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń lò. Ìyá onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní, "Ìyá ọlọ́pẹ̀ òyìnbó, kó èèpo ẹ, kó eṣinṣin ẹ, kí oṣù yìí tó parí kó o jáde nílé mi!"

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Èmi sáré wọ balùwẹ̀, mo fi ife gíláàsì dé ọ̀kan mọ́ ògiri. Ojú pupa dà? Kò sí! Àwọ̀ eérú ni, irun wà lápá ẹ̀, ó sì tẹ́ apá bo ara bí òrùlé. Mo fi ọ̀rá dé ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti kún inú ọ̀rá yẹn bámúbámú. Ṣọ́kàwéè, kòtò tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn lọ, ló kún!

Inú mi dùn débi pé mò ń fò sókè! Mo mú tiwa náà sínú ife kejì, mo gbé méjèèjì jáde sáàárín ilé. "Màmá, ẹ wò ó! Tiwa ló lójú pupa! Eléyìí, inú ṣọ́kàwéè ló ti ń wá!"

Gbogbo ayálégbé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan sọ fún ìyá onílé pé, "Ẹ̀yin lẹ ń sìn wọ́n, Màmá!"

Ìyá onílé wo ife kìíní, wọ́n wo èkejì. Wọ́n rí i. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i. Wọ́n wá yíjú sí màmá mi: "Èmi lọmọ ẹ ń pè ní ọ̀bùn nílé ọkọ mi? Mi ò dúró dìparí oṣù mọ́. Lónìí lẹ máa lọ."

A kó lọ lọ́jọ́ yẹn, ewúrẹ́ ń ké tẹ̀lé wa torí èèpo.

Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì yẹn ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí báyìí. Agolo oògùn sì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ohunkóhun tó bá ti ń fò, wọ́n á fín in pa, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹ̀ mọ́. Mo yà sílé yẹn láìpẹ́ yìí. Ìyàwó kékeré kan ń fín oògùn sí balùwẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí. Wọ́n ní ìyá kan tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kó kantíkantí wọlé yìí."

Mo sún mọ́ ògiri. Kò séyìí tó lójú pupa níbẹ̀.