Ọwọ́ Aláta Lẹ́nu Ọmọ

Irọ́ tí mo pa fún ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ eyín ọmọ wa, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó fi há mi lọ́fun. Mi ò sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń há lọ́fun. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ọjà Mile 12.

Ata ni mò ń tà níbẹ̀. Rodo, ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé, apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀ ni mo ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Òkè Ọya. Màá tú u, màá ṣa èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó ṣì le, màá wá tà á fún àwọn tó ń lọ tún un tà ládùúgbò wọn. Ọmọbìnrin mi, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, abẹ́ agboòrùn mi ló ti dàgbà. Bó bá ti fẹ́ sunkún, fídà ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu: mílíìkì àti ṣúgà, nígbà mìíràn ògì tó dùn dáadáa. Á fà á títí á fi sùn lọ, fídà á sì wà lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kankan ò sọ fún mi pé kò dáa. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ sọ ọ́, màá ní kó wá bá mi gbé ọmọ kí n lè ráyè tú apẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan nítorí ikọ́, tòun ti fídà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́fun, ó tún tàn án. "Mọ́mì, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo èyí." Eyín iwájú mẹ́rin tó wà lókè, ìlà pupa rúsúrúsú ti yọ nídìí wọn, níbi tí eyín ti wọ ẹran. Ó bi mí bóyá mò ń fọ̀ ọ́. Mo ní mò ń fi aṣọ nù ún. Irọ́ kékeré nìyẹn, ńlá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ gba fídà yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti òní lọ. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, ẹ gbé e padà wá. Tó bá ti jẹ wọlé sí i, dókítà eyín á yọ ọ́ ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Mo gbé ọmọ mi pọ̀n, mo jáde. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi rìn dé ilé wa ní Ketu, ẹnu rẹ̀ láìsí eyín ni mò ń rí, ọdún márùn-ún mẹ́fà kí òmíràn tó hù, kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Mo kó fídà pamọ́, mo ra búrọ́ọ̀ṣì, mo ra ọṣẹ ìfọyín. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó rò pé eré ni. Ó ń gé búrọ́ọ̀ṣì jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, mo ń rí díẹ̀díẹ̀ fọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo ba nǹkan jẹ́.

Òjò ti pa ọjà lọ́jọ́ yẹn, rodo rà bí ẹní máa kú, àtàárọ̀ ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo délé nírọ̀lẹ́, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi bí mo ṣe máa ń fọ̀ ọ́, mo gbé ọmọ sórí itan. Ó deyín mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, kò jù ú sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, inú sì ti ń bí mi. Mo fa búrọ́ọ̀ṣì yọ, mo fi ọṣẹ ìfọyín sórí ìka mi, mo kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi ra gbogbo ìdí eyín rẹ̀ yíká. Àwa aláta, ọwọ́ wa ti kú sí i, a kì í mọ oró ata lára mọ́. Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n.

Kò kọ́kọ́ ké. Ó kàn la ojú sílẹ̀ tó ń wò mí, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ló figbe ta. Mo bu omi sí i lẹ́nu, omi tàn án kálẹ̀. Ìgbà tí mo fi mílíìkì sí i ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹkún yẹn ni ọkọ mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Owódé Onírin, bá nígbà tó wọlé.

"Kí ló ṣe é?"

"Ọṣẹ ìfọyín yẹn ni, Dádì. Ó ta á lẹ́nu."

Ó mú ọṣẹ náà, ó sọ ọ́ nù, ó sì jáde lọ ra òmíràn. Mo jókòó, mo sì jẹ́ kó lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni ọmọ mi ti pa ẹnu dé sí mi. Bí mo bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì, á fi ètè méjèèjì bo eyín, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fọ tèmi níwájú rẹ̀, mo fọ ti bèbí ìṣeré rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, kò mú ohun tó dáa wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Lọ́jọ́ kan ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú kí n lè fọ̀ ọ́. Ọmọ náà tiraka títí ètè rẹ̀ fi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan búrọ́ọ̀ṣì. Mo jù ú sílẹ̀, mo pariwo mọ́ ọkọ mi pé ṣé ó fẹ́ pa ọmọ ni.

"Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa pa ẹnu dé?" ló bi mí.

Ọ̀rọ̀ ata náà dé ètè mi, mo gbé e mì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bẹ́ẹ̀ ni ilé wa ṣe rí.

Ìparí ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n ń fi orín fọ eyín wọn. Ọmọ mi dúró níwájú wọn, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí mo máa jáde síbẹ̀, ó ti la ẹnu gbàgà, Màámi ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn, inú sì bí mi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Mo na ọwọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Ọmọ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà.

Màámi wo ọmọ, wọ́n wò mí. Wọ́n fa ọwọ́ mi, àwọn náà gbóòórùn rẹ̀. "Ìyàwó mi, ata."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ó wọ ìkejì, ó lọ síbi iṣẹ́. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bú mi.

"Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá," ni Màámi wí. "Kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ló ń bà á lẹ́rù, ọwọ́ rẹ ni. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń padà, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́. Lọ tún ọwọ́ rẹ ṣe."

Wọ́n kọ́ mi: epo pupa ni kí n kọ́kọ́ fi ra á, lẹ́yìn náà iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ á wá kẹ́yìn. Ní ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ ọ̀rá kí n tó ṣa ata. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí ẹni fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Dókítà, ẹ wá gún wa lábẹ́rẹ́." Ọwọ́ kejì ni mo kì bọ ọ̀rá, mo ń ṣa ata mi lọ.

Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń kúnlẹ̀ síwájú ọmọ mi, ọwọ́ òfìfo ni mò ń nà sí i. Á gbóòórùn rẹ̀, á mi orí, á lọ bá ìyá àgbà. Ọjọ́rú bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, Màámi wọkọ̀ lọ, eyín náà sì sùn láìfọ̀. Ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì ń retí wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo tún kúnlẹ̀. Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ mi, ó yí i padà, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá mú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tí mo fi ra á lẹ́nu lọ́jọ́sí, ó dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó la ẹnu. Mo fọ̀ ọ́, omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Ọkọ mi ló mú fìtílà sún mọ́ wa.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ mi ò la ẹnu fún nọ́ọ̀sì àfìgbà tó fa ọwọ́ mi, tó gbóòórùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì, ó wò ó pẹ́. "Kò jẹ wọlé sí i. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ kí ló ń gbóòórùn lọ́wọ́ yín, Mọ́mì?"

Ọkọ mi yíjú sí mi. Irọ́ tó rọrùn pọ̀ lẹ́nu mi.

"Ata ni," mo ní. "Mo fi ọwọ́ ata kàn án lẹ́nu rí."

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà báyìí, ó ń dá eyín ara rẹ̀ fọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ata. Àràárọ̀, kí n tó lọ sọ́jà, mo ṣì ń na ọwọ́ mi sí i. Á ní, "Mọ́mì, kí lẹ tún fẹ́ kí n gbóòórùn?" Màá ní kó ṣáà gbóòórùn rẹ̀ wò.