Jẹ́sì Lìádì Tí Kò Gbẹ

Mùnírù télọ̀ kì í pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ariwo nílé wa ní al-Balad, àdúgbò àtijọ́ ní Jiddah, èmi Àlàájà Sìkírátù ló máa wá bá, torí ẹnu mi kì í dilẹ̀, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Mùnírù ni mo fẹ́ sọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n yà síbòmíì.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó wá ṣe Hájì, ó ṣe é tán, kò padà sílé mọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò ní ìkámà, ìwé tí wọ́n fi ń gbé ìlú yìí. Ó kàn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fáwọn èèyàn. Owó epo ti dé nígbà náà, ilé ń ga sí i lójoojúmọ́, iṣẹ́ pọ̀. Ló bá ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀, Lìádì. Ìyá wọn ò fẹ́. Mùnírù ló bẹ̀ ẹ́, ó ní ojú òun ò ní kúrò lára ọmọ náà.

Lìádì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, àwọn ọmọ wa máa ń lọ sí pápá oníyanrìn kan, wọ́n á bá àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí gbá a. Mùnírù ló rán jẹ́sì wọn, òun ló sì lẹ nọ́ńbà méje mọ́ ẹ̀yìn ti Lìádì. Èmi ni mo máa ń fọ̀ wọ́n, tí mo máa ń sá wọn sórí òrùlé.

Lìádì wá ríṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ní Obhur, níbi tí àwọn olówó ń kọ́lé sí létí òkun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ooru mú, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wẹ̀ lókun. Àwọn yòókù jáde. Òkun ò dá Lìádì padà. Ta ló máa lọ sọ fún ọlọ́pàá? Ẹni tí kò níwèé ò lè lọ sọ pé ẹni tí kò níwèé sọnù.

Lẹ́mọ́mù ní ká kírun sí i lára bí kò tilẹ̀ sí òkú ńlẹ̀. Mùnírù kọ̀.

"Ta ló rí òkú? Ẹ̀yin lẹ rí i?"

Ibẹ̀ ni Bàdírù, kápítéènì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ó ń fọ mọ́tò fún òyìnbó kan ní Obhur, òyìnbó yẹn ló sọ fún un pé nílùú tòun, tí ògbóǹtagí bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́, wọ́n á so jẹ́sì rẹ̀ kọ́ fún iyì. Gbogbo wọn gbà. Ojú Mùnírù túká fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Lìádì ti wọ òkun. Wọ́n so jẹ́sì náà kọ́ ìṣó lókè ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé wa, aṣọ òkú kì í gbélé. A ó fọ̀ ọ́, a ó fi ṣe sàráà, kí ẹni tó lọ lè lọ. Tẹ́ ẹ bá so aṣọ kọ́, ẹ ti so ẹni tó ni ín kọ́ nìyẹn."

Mùnírù ní, "Àlàájà, òkú lẹ pè é. Ta ló kú?"

Inú bí mi, mo bá tèmi lọ.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan mo rí i pé omi ń kán lára jẹ́sì náà. Wọ́n ní atẹ́gùn Jiddah ni, tó máa ń mú ara ògiri tutù. Kò burú. Mo fi gèlè mi kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gèlè gbẹ. Mo gbé jẹ́sì lọ sí òrùlé, ó gbẹ táútáú lóòrùn, mo sì dá a padà sórí ìṣó. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun Alásárì tán, omi tún ti ń kán, ó ń rùn bí òkun. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Salem gbé ṣòkòtò wá gé. Òun ni kápítéènì àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, Yorùbá rẹ̀ kì í já geere, ó sì máa ń fi èdè Lárúbáwá pe àgbà ní ammi. Ó ní, "Ammi Mùnírù, nọ́ńbà méje yín, kí ló dé tí kì í bá wọn mu omi? Mo sálámà sí i lánàá, kò dáhùn."

Ẹsẹ̀ Mùnírù kúrò lórí ẹ̀rọ. "Èwo ni nọ́ńbà méje?"

"Èyí tí aṣọ rẹ̀ máa ń tutù."

Mo rò pé ẹ̀rù máa bà á. Ayọ̀ ni mo rí lójú rẹ̀, ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń lọ jókòó sí pápá, á kọjú sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò dúró sí. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ń kó jọ, ó ń rù. Tó bá gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì láti fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, á ní, "Lìádì ní kí n kí yín. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè."

Nígbà tí Hájì dé, ará Ìsẹ́yìn kan mú kásẹ́ẹ̀tì ìyá wá. A jọ gbọ́ ọ ni.

"Mùnírù, mo gbọ́ ohùn ẹ. Lìádì ń wá kí mi o. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, omi á máa kán lára rẹ̀. Mo ní kó wọlé, kì í wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò tíì fún òun láṣọ òun. Aṣọ wo ni? Jọ̀ọ́, fún un. Òtútù ń mú ọmọ náà."

Ẹnu mi tí kì í dilẹ̀, ó dilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mùnírù sunkún títí, ó sì já jẹ́sì kúrò lórí ìṣó.

Ó wọ takisí lọ sí Mẹ́kà. Ní Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n sábà máa ń pe ìrun òkú. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti pè é, Mùnírù á jókòó. Lọ́jọ́ yẹn ó dìde, ó bá wọn kí i, ó sì fi Lìádì sọ́kàn.

Ó wá gba Hujun lọ, níbi tí itẹ́ òkú wà. Ọkùnrin kan jókòó ti ògiri, kò wọ̀wù. Mùnírù na jẹ́sì sí i, ó ní sàráà ni. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́. Aṣọ náà ti gbẹ. Ó dìde, ó ń bá ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ pẹ̀lú nọ́ńbà méje lẹ́yìn rẹ̀.

Mùnírù pè é, "Lìádì!"

Ó sọ fún mi pé ká ní ó wẹ̀yìn ni, òun ì bá sáré gba aṣọ náà padà. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó dé, ó kọ́kọ́ sọ fún Bàdírù pé kí ẹni tó bá wù ú wọ nọ́ńbà méje. Ó yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mi, ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ jókòó ná. Lìádì ti kú. Mo ti fún un láṣọ rẹ̀."